Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Ṣé Kí A Ra Kọ̀ǹpútà Ọmọ Nísinsìnyí, Tàbí Kí A Dúró?

  Ìwé tí ó ń tọ̀ wá wá kò dínkù, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ fi gbogbo àyè wa dá lóhùn lónìí, nítorí pé a mọ̀ dájú pé ohun tí ìyá yìí ń bèèrè, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ń bèèrè rẹ̀ lọ́kàn, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì kọ ọ́ sí bébà. Báyìí ni ìwé náà kà:

“Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin tí ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ni mí. Ọmọbìnrin mi àkọ́bí ti rí àyè wọ yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìṣirò owó, yóò sì wọlé ní Oṣù Kẹwàá. Ó ní dandan ni kí òun ní láptọ́ọ̀pù kí òun tó lọ, nítorí pé gbogbo ẹlẹgbẹ́ òun ni ó ní i. Baba rẹ̀ ní kí a dúró títí yóò fi dé ọdún kejì. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí a dúró títí di ìparí Oṣù Kọkànlá, nígbà tí àwọn òyìnbó máa ń dín owó ọjà, kí òun lè mú un bọ̀ wálé nígbà Kérésìmesì. Àjọ mi yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án. Náírà 400,000 ni. Owó yìí ni mo fi ń ra èlùbọ́ pamọ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ó bá pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Bí mo bá fi ra láptọ́ọ̀pù, ọjà mi yóò fà sẹ́yìn; bí n kò bá sì rà á, ọmọ mi yóò rò pé n kò fẹ́ràn òun. Ọ̀rọ̀ náà ti ń mú kí èmi àti baba rẹ̀ máa wo ara wa ní ìwòkuwò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?”

Ìyá wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín nítorí ìbéèrè yìí. Àwọn tí ó lówó jù yín lọ ni ọ̀rọ̀ náà ti dà láàmú. Kí a tó sọ ohun tí a rò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ojú tiwa náà rí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé tiwa

Ọmọ méjì ni èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti rán lọ sí yunifásítì láàrin ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì ṣe àṣìṣe lórí àwọn méjèèjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, èkejì ní apá òsì.

Nígbà tí àkọ́bí mi wọlé ní ìparí ọdún 2021, ayọ̀ kò jẹ́ kí n ronú. Mo ra láptọ́ọ̀pù tuntun tí ń dán yinrinyinrin fún un, mo sì pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Kò pẹ́ tí ó dé ọ̀hún ni àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 Oṣù Kejì ọdún 2022. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà gbà, nítorí pé ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹ̀rọ náà di ẹ̀rọ ìwòran sinimá nínú ilé mi. Ọdún kan tí ẹni tí ó tà á ṣèlérí pé òun yóò fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ pé kí ọmọ náà tó fi ṣe iṣẹ́ kan tí ó nílàárí. Nígbà tí iṣẹ́ wá dé ní tòótọ́, bátìrì rẹ̀ kò lè gbé wákàtí méjì mọ́, ìdè tí ó so ojú rẹ̀ mọ́ ara sì ti ya.

Nígbà tí ó kan èkejì, mo ní n kò ní í tún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́. Ọmọbìnrin ni, ẹ̀kọ́ nípa kọ̀ǹpútà gan-an ni ó sì lọ kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. A jọ dé ọjà, a rí tòkunbọ̀ kan tí ó dára, Náírà 150,000 ni wọ́n pè é. Owó náà wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ní, “Dúró di ọdún tí ń bọ̀; ẹ̀rọ a máa dínwó bí ọjọ́ bá ti ń lọ.” Ó dákẹ́, ó sì dúró. Nígbà tí a padà sí ọjà náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, irú ẹ̀rọ kan náà ti di Náírà 380,000. Láàrin ọdún kan yẹn, orí bébà ni ọmọ mi ti ń kọ iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe lórí ẹ̀rọ. A máa dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn lóru kí ó tó rí ti ọ̀rẹ́ náà yá. Ó sì fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan tí ó jẹ́ pé ṣíṣe ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kíkà. Kò bá mi jà. Ohun tí ó sọ fún ìyá rẹ̀ nínú yàrá ni etí mi gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá mi kò mọ̀ pé kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ni mo bèèrè.” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ wa. Mo ra ti àkọ́kọ́ kíákíá, mo pàdánù. Mo dúró lórí ti èkejì, mo tún pàdánù. Nítorí náà kì í ṣe rírà nísinsìnyí ni ó burú, kì í sì í ṣe dídúró ni ó burú. Ohun tí ó burú ni pé ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ ni mo rà fún ẹ̀gbọ́n, ìdúró tí kò ní ọjọ́ ni mo sì fi lé àbúrò lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ lónìí, ẹ má ṣe gbàgbé gbólóhùn méjì yìí: iṣẹ́ ni kí ó pe ẹ̀rọ, bí a bá sì fẹ́ dúró, kí ìdúró wa ní ọjọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ máa ń dínwó?

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ọmọ mi kì í ṣe irọ́ tí mo dá sílẹ̀. Ní ọdún 1965, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Gordon Moore, tí òun pẹ̀lú ẹnìkan dá ilé-iṣẹ́ Intel sílẹ̀ ní ọdún 1968, kọ ọ́ pé iye ẹ̀yà tí a lè kó sórí ègé kékeré tí ó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní ọdún 1975 ó tún un wí, ó ní ọdún méjìméjì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ó wí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹni tí ó bá ní sùúrù sì máa ń rí ẹ̀rọ tí ó lágbára jù ní owó tí kò tó ti àná. Ibẹ̀ ni àṣà “dúró, yóò dínwó” ti wá.

Ṣùgbọ́n Dọ́là ni àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ń ná, Náírà ni àwa ń ná. A kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti òkè òkun ni ó ti ń wá, tuntun tàbí tòkunbọ̀. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú owó wa sílẹ̀ fún ọjà ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, Dọ́là kan kò tó Náírà 480 ní iye tí ìjọba fi ń ṣírò. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ọjà wò ó: ẹ̀rọ tí a ń tà ní Dọ́là 300 ní ọ̀hún, bí a bá fi 470 ṣírò rẹ̀, Náírà 141,000 ni, bí a bá fi 1,500 ṣírò rẹ̀, Náírà 450,000 ni. Ẹ̀rọ náà kò kúrò lójú kan. Owó wa ni ó sún sẹ́yìn.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ó dára, ẹ jẹ́ kí a sáré rà nígbà gbogbo kí owó tó tún já wálẹ̀.” Ìyẹn pẹ̀lú kò tọ̀nà. Àwọn tí ẹ̀rù bà ní Oṣù Kejì ọdún 2024 tí wọ́n sáré rà, ojú wọn náà ni ó ṣe tí Dọ́là fi padà sí ìsàlẹ̀ 1,300 ní Oṣù Kẹrin ọdún kan náà. Kí ọdún náà sì tó parí, ó ti tún gòkè kọjá 1,500. Ìgbà kò lọ bí òréré.

Ohun mìíràn tún dé ní ìparí ọdún 2025. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń kọ́ ilé ẹ̀rọ fún ọgbọ́n àtọwọ́dá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìrántí kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń pè ní rámù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀wọ́n káàkiri ayé. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Micron ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn mélòó kan tí ń ṣe rámù láyé, kéde pé òun yóò dáwọ́ títa a fún àwọn aráàlú lábẹ́ orúkọ Crucial dúró, kí òun lè ráyè gbọ́ ti àwọn oníbàárà ńlá. Nítorí náà, kódà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ná Dọ́là, ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dínwó lọ́dọọdún kì í ṣe òfin tí a lè gbára lé.

Kí ni a ń fà yọ? Èyí ni pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ọjà yóò ṣe lọ́la. Òbí tí ó bá fi ìró ọjà nìkan pinnu, tẹ́tẹ́ ni ó ń ta. Ohun tí a lè mọ̀ ni ohun tí ọmọ wa fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe, àti iye tí ó wà lápò wa.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí a bi ara wa

Èkíní: Kí ni ẹ̀kọ́ ọmọ náà yóò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́? Ẹ má ṣe bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ. Àwọn náà kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ bi àwọn tí ó ti wà ní ọdún kejì àti ìkẹta ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, tàbí ìmọ̀ yíya àwòrán ilé, ọjọ́ kò ní í pẹ́ tí yóò fi nílò rẹ̀. Kí a má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ falẹ̀ bí mo ti ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìtàn, èdè, òfin, tàbí ìṣirò owó, ìwé kíkà ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ilé ìkàwé lè gbé e dé ibì kan, títí iṣẹ́ títẹ̀ àti ìṣirò orí ẹ̀rọ yóò fi dé. Nígbà tí ó bá kan iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, kò sí ẹni tí kò ní í nílò rẹ̀. Ní ti àwọn tí ń múra ìdánwò JAMB, òótọ́ ni pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n ibùdó ìdánwò ni ẹ̀rọ náà wà; kí ọmọ lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dánra wò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ti tó.

Èkejì: Èló ni àìní ẹ̀rọ náà ń ná wa? Dídúró pẹ̀lú ní owó tirẹ̀. Kí ọmọ ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ gbogbo ohun tí ó bá san fún àwọn tí ń bá ni tẹ̀wé sínú rẹ̀. Bí ó bá ń ná Náírà 1,500 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 15 yóò jẹ́ Náírà 22,500. Owó yìí kò tíì tó ohun tí a ń fi àwọn ọjà ìyá sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ná Náírà 6,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 15 náà yóò di Náírà 90,000, a ó sì mọ̀ pé ìdúró wa ti ń jẹ wá lẹ́sẹ̀. Wéréwéré ni ikán ń jẹlé.

Ẹ̀kẹta: Owó wo ni a fẹ́ fi rà á? Owó tí a ti fi pamọ́ fún un, tàbí ti ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ó pawọ́ pọ̀, kò burú. Owó tí ń bọ́ ilé, tí í ṣe owó ọjà, ó yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀. Owó èlé tí wọ́n ń yá ni lórí fóònù ní ìṣẹ́jú kan, kí a sá fún un pátápátá. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ẹ rántí pé òfin owó yíyá fún akẹ́kọ̀ọ́ tí a fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ti fi àyè sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti yá owó tí kò ní èlé lọ́wọ́ NELFUND. Tààrà ni wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ náà, àyè sì wà fún Náírà 20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara ọmọ. Kì í ṣe owó láptọ́ọ̀pù, gbèsè tí ọmọ yóò san ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó lè mú kí owó tí ẹ ti tọ́jú fún owó ilé ẹ̀kọ́ ráyè gbọ́ ti ohun mìíràn.

Bí ọjọ́ rírà bá pé

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ́jà ni ọmọ nílò, bí kò ṣe èyí tí yóò bá a dé òpin ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ì báà jẹ́ ní Ìkẹjà níbi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà pọ̀ sí, ì báà jẹ́ ní ìlú yín, ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání, kí ẹ sì ṣọ́ nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ bèèrè ọjọ́ orí ọpọlọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dá ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 ni ó rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́ láyè. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí owó wọn rọjú ni ó jẹ́ pé ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi tì wọ́n síta. Ẹni tí ó ra ìran kẹfà nítorí pé ó dínwó ti ra ẹ̀rọ tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ.

Kí rámù rẹ̀ má ṣe dín ní 8GB, kí ibi ìkópamọ́ rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní SSD, nítorí pé ó yára, kò sì tètè bàjẹ́ bí a bá gbé e jìgìjìgì nínú ọkọ̀. Ẹ bèèrè bóyá rámù rẹ̀ ṣeé fi kún lẹ́yìn ọ̀la tàbí wọ́n ti jó o mọ́ inú rẹ̀.

Ẹ má ṣe dán an wò pẹ̀lú wáyà lára rẹ̀. Ẹ yọ wáyà, kí ẹ sì jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Níbi tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbọ́kàn lé, bátìrì ni ìdajì láptọ́ọ̀pù. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan; ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, kí ẹ gbọ́ bí ìdè rẹ̀ ti ń dún; ẹ pa á, kí ẹ tún tan án, kí ẹ rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-iṣẹ́ tí ó lò ó tẹ́lẹ̀ fi tì í pa. Lẹ́yìn náà ẹ gba rìsíìtì tí nọ́mbà ẹ̀rọ náà wà lára rẹ̀.

Ní ti èyí tí ó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, àǹfààní kan wà níbẹ̀: orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń lò ní Bìrìtìkó ni àwa náà ń lò, nítorí náà kò sí wàhálà iná. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ẹni tí ó rà á bèèrè bóyá ìlérí àtúnṣe rẹ̀ dé Nàìjíríà, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọjá ilẹ̀ tí a ti rà á. Kí ó sì gbé e sínú àpò ọwọ́ tí yóò mú wọ inú ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe sínú ẹrù tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀.

Ìdáhùn wa fún ìyá wa ní Bódìjà

Ìyá wa, ẹ gbọ́ ohun tí àwa rò, kí ẹ sì fi í wé ohun tí ẹ mọ̀ nípa ilé yín.

Ẹ má ṣe rà á ní Oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó kò tíì pe ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà fún baba ọmọ náà pé kí ó di ọdún kejì, nítorí pé kò sí ìdí fún un, ó kàn jìnnà ni. Ti àbúrò yín ni ó sún mọ́ ọgbọ́n jù, bí ó bá lè ní ọjọ́. Ẹ bi í ní gbangba: ta ni yóò san owó náà, èló ni, ọjọ́ wo ni yóò sì rà á? Bí ó bá di ọjọ́ 10 Oṣù Kejìlá tí kò tíì rà á, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má ṣe bínú, kí ẹ sì ra tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn kí ọmọ tó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri kí gbogbo ilé lè rí i.

Ní ti owó àjọ, ẹ yọ Náírà 120,000 sọ́tọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi Náírà 280,000 tí ó kù de ìgbà èlùbọ́. Ọjà náà ni yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà ní ọdún kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Ẹni tí ó bá pa á nítorí ẹ̀rọ kan ti gé igi tí ó jókòó lé. Baba ọmọ ni ó ní kí a dúró. Ẹni tí ó ní kí a dúró, ó yẹ kí òun náà dá sí owó ohun tí à ń dúró dè. Kí ó fi Náírà 40,000 sílẹ̀ lóṣooṣù, láti Oṣù Kẹwàá títí dé Oṣù Kejìlá, kí ti òun náà lè jẹ́ 120,000. Kí àbúrò yín fi ìyókù kún un, ìyẹn ni ẹ̀bùn Kérésìmesì rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó lè yí ìdáhùn yìí padà. Bí àwọn tí ó wà níwájú ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá sọ pé láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn olùkọ́ ń fún wọn ní iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe láìsí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe dúró de Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ pe baba rẹ̀ àti àbúrò yín jókòó, kí gbogbo wọn dá owó jọ ní kíá, kí ẹ sì ra tòkunbọ̀ tí ó ṣe déédéé.

Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù lójú wa. Ẹ wí pé ọmọ yóò rò pé ẹ kò fẹ́ràn òun. Ìdí tí yóò fi rò bẹ́ẹ̀ ni pé kò mọ ìṣirò tí ń bẹ lọ́kàn yín. Ẹ mú un lọ sí ìsọ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹ fi àpò èlùbọ́ hàn án. Ẹ sọ iye tí ẹ rà á ní ẹ̀ẹ̀rùn fún un, àti iye tí ẹ tà á ní òjò, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìyọkúrò. Ìṣirò owó ni ó fẹ́ lọ kọ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà yóò dé fún un, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí ó mọ ìdí tí ó fi ń dúró, tí ó sì mọ ọjọ́ tí ìdúró rẹ̀ yóò pin, lè fara dà á. Èyí tí èmi ṣe sí ọmọ tèmi ni pé mo ní kí ó dúró, n kò sọ ìdí, n kò sì dá ọjọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bèèrè, ẹ má ṣe wí fún òbí yín pé gbogbo ẹgbẹ́ yín ni ó ní i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣí àpò. Ẹ wí fún wọn pé, “Iṣẹ́ báyìí ni wọn yóò fún wa ní oṣù báyìí, èyí ni iye tí mò ń ná lórí ìwé títẹ̀, èyí sì ni irú ẹ̀rọ tí ó tó mi.” Òbí tí ó bá gbọ́ irú èyí yóò mọ̀ pé ọmọ òun ti ń dàgbà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ni ó mọ ẹ̀rọ, òbí ni ó mọ owó. Kí àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn kí wọ́n tó lọ sọ́jà.

Ìyá wa, nígbà tí Oṣù Kejìlá bá dé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ̀wé sí wa kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.